Kì í Ṣe Ìwúwo Omi Nìkan Ló Ń Ya Òkè Lulẹ̀

Bí òjò oṣù Kẹsàn-án bá ti ń rọ̀ léraléra ní ilẹ̀ Ọ̀kun ní ìpínlẹ̀ Kogi, láti Kàbà dé Ìyàrà, Mópà, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀, kì í pẹ́ tí a ó fi rí ibi tí erùpẹ̀ ti ya kúrò lára òkè, tó dà sẹ́yìn ilé tàbí sójú ọ̀nà. Ohun tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé omi ló mú ilẹ̀ wúwo jù, tàbí pé omi mú kí ilẹ̀ máa yọ̀. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú méjèèjì. Àmọ́ kò sí èyí tó sọ ìdí tí òkè kan fi dúró fún ogójì ọdún kó tó ya, ìdí tí òmíràn fi dúró ní gbogbo ìgbà tí òjò ń rọ̀ tó wá ya lọ́jọ́ kejì tí oòrùn ti ràn, tàbí ìdí tí ògiri búlọ́ọ̀kù tó nípọn fi lè wó níbi tí ògiri tín-ín-rín ti dúró.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí yanrìn tí típà dà síbi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Bí yanrìn náà bá gbẹ, bó ti wù kí òkìtì rẹ̀ ga tó, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kì í dagun ju nǹkan bí dígírì 30 sí 35 lọ (ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni dígírì 0, ògiri tó dúró gbọnrangandan ni 90). Tí ẹ bá da òmíràn sórí rẹ̀, yóò máa ṣàn wálẹ̀ títí yóò fi padà sí dígírì yẹn. Ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i, ẹ lè fi ṣọ́bìrì gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó dúró gbọnrangandan. Ẹ wá ṣí omi páìpù sí i títí yóò fi kún un, yóò tú, yóò sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Yanrìn kan náà ni lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, hóró rẹ̀ kò yí padà. Iye omi tó wà láàárín hóró náà ló yàtọ̀.

Inú erùpẹ̀ kún fún àlàfo. Nínú erùpẹ̀ tí kò le jù, àlàfo yìí lè tó ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Ohun tó ń di òkè mú ni bí hóró kan ṣe ń tẹ èkejì mọ́lẹ̀: bí ẹrù tó wà lórí wọn bá ṣe pọ̀ tó ni wọ́n ṣe ń di ara wọn mú tó. Ìdí nìyí tí a kò fi lè dá gbogbo ẹ̀bi lé ìwúwo. Ìwúwo kan náà tó ń fa erùpẹ̀ lọ sísàlẹ̀ ló tún ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó má baà lọ.

Omi tó kún àlàfo ni kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ibi gbogbo ni omi ń tì sí, ó ń tì sókè pẹ̀lú. Ẹ wọn mítà kan níbùú, mítà kan lóòró, lórí òkè tí erùpẹ̀ rẹ̀ jìn ní mítà 2 kó tó kan àpáta. Bí erùpẹ̀ yẹn bá rin gbingbin, yóò wọ̀n tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 4. Bí omi inú rẹ̀ bá kún dé ojú ilẹ̀, omi tó wà nísàlẹ̀ pátápátá yóò máa tì í sókè pẹ̀lú agbára tó sún mọ́ tọ́ọ̀nù 2. Hóró tó wà nísàlẹ̀ kò ru tọ́ọ̀nù 4 mọ́, nítorí omi ti bá wọn ru ìdajì rẹ̀, agbára tí wọ́n fi ń di ara wọn mú sì ti di ìdajì. Ṣùgbọ́n gbogbo tọ́ọ̀nù 4 yẹn ló ṣì ń fà lọ sísàlẹ̀ òkè. Karl Terzaghi, ẹnjiníà ọmọ Austria, ló fi ìdí ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀ láàárín ọdún 1920 sí 1930, orí rẹ̀ sì ni gbogbo ìṣirò òkè àti ìpìlẹ̀ ilé dúró lé títí dòní.

Ẹ wo ohun tí ìdajì yìí túmọ̀ sí. Erùpẹ̀ oníyanrìn tó lè dúró ní dígírì 35 nígbà tó gbẹ kò lè dúró ju nǹkan bí dígírì 20 lọ bí omi bá kún un dé ojú ilẹ̀ tó sì ń ṣàn gba inú rẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Nítorí náà òkè tó wà ní dígírì 25, tí ẹnikẹ́ni tó bá wò ó lẹ́ẹ̀rùn yóò sọ pé kò sí wàhálà, ti kọjá ààlà lọ́jọ́ tí omi bá kún un. Kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Omi díẹ̀ ńkọ́, tó jẹ́ kí a lè gé yanrìn? Bí omi kò bá kún àlàfo, á kàn lẹ̀ mọ́ ibi tí hóró ti kanra, á sì máa fa àwọn hóró náà mọ́ra. Ẹni tó bá ti kọ ebè iṣu mọ èyí: erùpẹ̀ tútù ló ṣeé kọ, eléruku kì í dúró. Ìfàmọ́ra yìí lágbára gan-an nínú ilẹ̀ amọ̀, òun ló jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí katapílà gé dúró bí ògiri fún ọdún púpọ̀. Ṣùgbọ́n agbára àyálò ni. Bí òjò bá rọ̀ wọlé tó, ìfàmọ́ra á tán, àti pé lẹ́yìn tó bá tán ni omi yóò wá bẹ̀rẹ̀ sí í tì. Ẹ̀gbẹ́ tí ẹ gé ní oṣù Kejì tó dúró kò tíì ṣe ìdánwò kankan.

Bí omi ṣe yára tó nínú ilẹ̀ ló kù. Nínú yanrìn tó mọ́, omi lè rìn mítà kan láàárín nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta. Nínú amọ̀ tó dì gidi, mítà kan náà lè gbà á ju ogún ọdún lọ, àfi tí ó bá rí ojú sísán, ihò ikán tàbí ọ̀nà tí gbòǹgbò jíjẹrà fi sílẹ̀ gbà. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ wa wà láàárín méjèèjì, wọ́n sì wà ní ìpele-ìpele, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti ń di wàhálà.

Ní Ìjùmú, Yàgbà, Bùnú àti agbègbè Kàbà, gíránáìtì àti àwọn àpáta líle tó jọ ọ́ ló wà nísàlẹ̀. Àwọn òkè olórí pípá tó yọ sókè níbẹ̀ kò ní erùpẹ̀ púpọ̀ lára tó lè ya. Ewu tiwọn ni òkúta tó lè yí wálẹ̀. Ẹsẹ̀ òkè ni ká ṣọ́, níbi tí erùpẹ̀ tó ń ti òkè wá ti ń kó jọ láti ìgbà pípẹ́. Ẹ gbẹ́ ibẹ̀, ẹ ó sábà rí ilẹ̀ oníyanrìn lókè, amọ̀ pupa tó le lábẹ́ rẹ̀, yangí nígbà mìíràn, lẹ́yìn náà àpáta tó ti jẹrà débi pé ọwọ́ lè fọ́ ọ, kẹ́ ẹ tó kan àpáta gidi. Omi òjò á gba inú yanrìn wọlé wéréwéré. Bó bá kan amọ̀, kò ní lè tètè kọjá, á kó jọ sórí rẹ̀, á sì máa ṣàn lábẹ́ ilẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Ibi tí ilẹ̀ ti máa ń yọ̀ nìyẹn, mítà kan tàbí méjì lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni. Nígbà ogun àwọn Núpé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ̀pọ̀ ìlú Ọ̀kun ló wà lórí òkè, lórí àpáta. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà nígbà tó yá. Nísinsìnyí tí pẹ̀tẹ́lẹ̀ ti ń kún, àárín méjèèjì, ìyẹn ẹsẹ̀ òkè, ni wọ́n ń pín ní púlọ́ọ̀tì, ibẹ̀ gan-an ni omi abẹ́ ilẹ̀ sì ń jáde sí.

Ìhà Ọ̀wọ̀rọ̀ yàtọ̀. Òkè Pàtí tó wà lẹ́yìn Lọ́kọ́ja àti òkè Àgbájà tí orí rẹ̀ tẹ́jú kì í ṣe gíránáìtì. Òkúta oníyanrìn ni wọ́n, ìpele amọ̀ wà láàárín, òkúta onírin sì dé wọn lórí. Òjò á gba ojú sísán inú òkúta onírin yẹn wọlé, á gba inú òkúta oníyanrìn kọjá, amọ̀ á dá a dúró, á wá jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè. Ibi tó ti ń jáde á máa jẹrà, á sì máa wọnú, títí òkúta tó wà lókè kò fi ní í rí nǹkan gbé ara lé mọ́. Ẹni tó ń ra ilẹ̀ lábẹ́ irú òkè bẹ́ẹ̀, kó wò bóyá òkúta ńláńlá wà káàkiri ilẹ̀ náà. Wọn kò hù níbẹ̀. Òkè ni wọ́n ti wá.

Nípa àkókò: òjò oṣù Kẹrin bá ilẹ̀ gbígbẹ, ilẹ̀ á mu ún, àlàfo ṣì pọ̀. Tó bá máa fi di oṣù Kẹsàn-án, àlàfo ti kún tán, òjò tí ilẹ̀ ì bá mu ní oṣù Kẹrin láìsí wàhálà yóò gbé omi abẹ́ ilẹ̀ ga sókè ní mítà kan láàárín ọjọ́ díẹ̀. Omi tó rọ̀ sórí òkè lọ́hùn-ún sì ní láti rìn lábẹ́ ilẹ̀ kó tó dé ẹsẹ̀ òkè, ìdí tí ibẹ̀ fi lè ya lẹ́yìn tí òjò ti dá nìyẹn. Kànga ni ohun èlò tó rọrùn jù láti fi mọ̀ ọ́n. Ẹ so òkúta mọ́ okùn, ẹ wọn bí omi ṣe jìn sí ẹnu kànga tó wà létí òkè, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, láàárọ̀ kí wọ́n tó fa omi, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bó bá jẹ́ mítà 6 lẹ́ẹ̀rùn tó sì wá di mítà 1 ní oṣù Kẹsàn-án, ẹ mọ̀ pé òkè tó wà lẹ́yìn yín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Kò sí ẹ̀rọ olówó ńlá tó máa sọ ohun tó yàtọ̀ sí ìyẹn fún yín.

Ní èrò tiwa, ògiri tí wọ́n mọ sẹ́yìn ilé láti fi dá erùpẹ̀ dúró ni wọ́n ti ń ṣe àṣìṣe jù ní agbègbè yìí. Onílé á gé òkè kí ilẹ̀ lè tẹ́, bíríkìlà á mọ ògiri mítà 3, wọ́n á kó amọ̀ pupa tí wọ́n gé náà padà sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á rẹ́ ẹ dáadáa. Kò sí ihò kankan. Ẹ wo ẹrù tó wà lára ògiri yẹn. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá gbẹ, erùpẹ̀ ń tì í ní nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 2.7 lórí mítà kọ̀ọ̀kan gígùn rẹ̀. Bí omi bá kún ẹ̀yìn rẹ̀ dé òkè, á di nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 6, omi nìkan ló sì ni 4.5 nínú rẹ̀. Ẹ lè fi búlọ́ọ̀kù oní-ínṣì 9 méjì kún ìnípọn rẹ̀, owó páìpù díẹ̀ ì bá ti ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe é rèé. Páìpù oní-mìlímítà 75 ni kí wọ́n fi la ògiri já, kí ọ̀kan jìn sí èkejì ní nǹkan bíi mítà 1.5 níbùú àti lókè, kí ìlà àkọ́kọ́ má ga ju sẹ̀ǹtímítà 30 lọ sílẹ̀, kí ẹnu páìpù tó wà níta sì rẹlẹ̀ díẹ̀ ju ti inú lọ. Ẹ̀yìn ògiri, láti ìsàlẹ̀ dókè, kí wọ́n to òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ń po kọnkéré, kó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 30. Láàárín òkúta náà àti erùpẹ̀, kí wọ́n fi aṣọ asẹ́ tí wọ́n ń tà fún iṣẹ́ yìí sí i, tàbí yanrìn tó hóró dáadáa bí aṣọ kò bá sí, kí ẹrẹ̀ má baà dí i. Sẹ̀ǹtímítà 30 tó kẹ́yìn lókè pátápátá nìkan ni kí wọ́n fi amọ̀ dí, kí omi òjò má baà gba ibẹ̀ wọlé. Gọ́tà gbọ́dọ̀ wà níwájú ògiri láti gba omi tó ń jáde.

Àṣìṣe tó tún wọ́pọ̀: kí páìpù wà ṣùgbọ́n kí amọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, ti ọ̀ṣọ́ nìyẹn. Kí símẹ́ńtì dí ẹnu rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń rẹ́ ògiri. Kí ayálégbé fi àkísà dí i nítorí pé omi ẹlẹ́rẹ̀ ń ba àgbàlá jẹ́. Ihò tó ń da omi láàárín òjò ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Èyí tó ti ń dà tẹ́lẹ̀ tó wá gbẹ láàárín òjò ńlá ló yẹ kó bà yín lẹ́rù. Ògiri tó bá ga ju mítà 2 lọ, ẹnjiníà ni kó ya àwòrán rẹ̀, kì í ṣe bíríkìlà.

Lókè ibi tí ẹ gé, ẹ la gọ́tà tí yóò gba omi òjò kó tó dé etí, kó jìnnà sí etí ní mítà 2 sí 3, kó máa rẹlẹ̀ lọ ní sẹ̀ǹtímítà kan lórí mítà kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi kọnkéré tẹ́ inú rẹ̀. Gọ́tà tí wọ́n kàn gbẹ́ sílẹ̀ láìtẹ́ ẹ burú ju kó má sí lọ, torí pé ńṣe ló máa kó omi gbogbo òkè jọ tí yóò sì rì í sínú ilẹ̀ níbi tí kò yẹ gan-an. Omi orí ilé náà ńkọ́? Òrùlé tó jẹ́ mítà 12 níbùú àti mítà 15 lóòró yóò kó lítà 9,000 jọ bí òjò mìlímítà 50 bá rọ̀. Bí omi yẹn bá ń dà sí ojú kan lókè etí, òjò tó pọ̀ ní ìlọ́po-ìlọ́po ni ibẹ̀ ń gbà. Sọ́kàwè àti ṣaláńgá náà ń bu omi sínú ilẹ̀, tòjò tẹ̀ẹ̀rùn, nítorí náà ẹ má ṣe gbẹ́ wọn sókè etí. Òkè tó bá ya nígbà ọyẹ́, tí òjò kò rọ̀ rárá, páìpù tó ń jò tàbí sọ́kàwè ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá lọ.

Igi ń ṣe iṣẹ́ méjì: gbòǹgbò ń ran erùpẹ̀ pọ̀ ní bíi mítà kan àkọ́kọ́, ewé sì ń fa omi jáde. Bí wọ́n bá gé igi, iṣẹ́ kejì dúró lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n gbòǹgbò kì í jẹrà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìdí nìyí tí òkè tí wọ́n gé igi rẹ̀ fún èédú fi máa ń ya lẹ́yìn ọdún díẹ̀, tí kò fi sí ẹni tó máa so méjèèjì pọ̀ mọ́. Igi kò lè dá ilẹ̀ tó ń yọ̀ ní mítà 5 sísàlẹ̀ dúró, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ bẹ́ẹ̀ fún yín.

Etí odò ní tirẹ̀, ó sì máa ń rú àwọn èèyàn lójú. Nígbà ìkún omi 2012 àti 2022 ní Lọ́kọ́ja, odò Ọya kún kọjá ààlà. Nígbà tí irú omi bẹ́ẹ̀ bá kún, omi odò ń ti etí odò láti ìta, ó ń gbé e ró. Bó bá fà, ìgbéró yẹn á lọ, ṣùgbọ́n omi tó ti wọnú etí odò kì í yára jáde bẹ́ẹ̀, á ṣì máa tì láti inú. Lẹ́yìn ìkún omi, tí gbogbo èèyàn ti ń dúpẹ́ pé ó ti fà, ni etí odò máa ń ya. Kí ẹnikẹ́ni má tètè padà lọ gbé ẹrù sétí rẹ̀.

Àwọn ibòmíràn ti sanwó ẹ̀kọ́ yìí. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà 1972, lẹ́yìn òjò ọjọ́ mélòó kan, òkè ya níbi méjì ní Hong Kong, ó pa ènìyàn tó ju 130 lọ. Erùpẹ̀ gíránáìtì tó jẹrà, irú tiwa yìí, tí wọ́n dà láìkì í mọ́lẹ̀ dáadáa, ló ya ní ọ̀kan nínú wọn. Ní 1977 ìjọba ibẹ̀ dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ tí olórí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ àbójútó òkè. Ní Aberfan ní ilẹ̀ Wales, ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá 1966, òkìtì pàǹtí ìwakùsà tí wọ́n kó sórí ìsun omi ló yọ̀ wá sórí ilé ẹ̀kọ́; ènìyàn 144 kú, ọmọdé 116 nínú wọn. Ẹni tó bá ń da erùpẹ̀ sí kòtò láti fi sọ ọ́ di púlọ́ọ̀tì, kó kọ́kọ́ bi àwọn àgbà bóyá ìsun wà níbẹ̀ rí.

Ẹ lè mọ ibi tí omi ń jáde láìgbẹ́ ilẹ̀. Ẹ lọ wo òkè náà ní oṣù Kejì: ojú kan tí koríko rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ nígbà tí gbogbo àyíká ti gbẹ, tí kókò ń hù sí. Lásìkò òjò, ẹ ṣọ́ ìsun tuntun, ìsun tó mọ́ tẹ́lẹ̀ tó di ẹlẹ́rẹ̀, òpó iná tó ń fì, ilẹ̀kùn tí kò pa dé mọ́, àti ojú sísán tó tẹ̀ kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀ lókè etí. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló burú jù. Bí ojú sísán tó jìn ní mítà 3 bá kún fún omi, omi inú rẹ̀ ń ti òkè síta pẹ̀lú tọ́ọ̀nù 4.5 lórí mítà kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ṣe da òkúta tàbí yanrìn sí i. Ẹ fi amọ̀ tútù dí i, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa, ẹ fi tapólì bò ó títí òjò yóò fi dá, kí omi òkè sì gba ibòmíràn.

Ẹ wá kan èèkàn kan sí apá òkè ojú sísán náà, òmíràn sí apá ìsàlẹ̀, ẹ fi tépù wọn àárín wọn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Bó bá fẹ̀ sí i ní mìlímítà kan lọ́sẹ̀ kan, àyè wà láti pe ẹnjiníà. Bó bá jẹ́ mìlímítà 2 lónìí, 5 lọ́la, 12 lọ́túnla, ẹ má dúró wọn tọjọ́ kẹrin. Ẹ kó àwọn ọmọ àti àgbàlagbà kúrò nínú yàrá tó kọjú sí òkè, ẹ jáde nílé náà gba ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe gba ìsàlẹ̀ tààrà, kí ẹ sì ké sí ẹni tó ń gbé nísàlẹ̀ yín.